Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mọ-Ibì-Kan

Kò sí ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà tí kò ní Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mọ-Ibì-Kan tirẹ̀. Tí agogo méjìlá ọ̀sán bá kù díẹ̀, tí àwọn yòókù ń bi ara wọn pé kí la máa jẹ lónìí, á gbé bírò sílẹ̀, á fẹ̀yìn ti àga, á ní: "Mo mọ ibì kan." Ẹ má wulẹ̀ bi í pé níbo. "Ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá lọ́hùn-ún ni. Tí mo bá júwe ẹ̀ fún yín, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ sáà wọ mọ́tò."

Ilé oúnjẹ tó gbajúmọ̀ ò jámọ́ nǹkan kan lójú Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mọ-Ibì-Kan. Ẹ dárúkọ Olaiya ní Sùúrùlérè, á yínmú. Ẹ dárúkọ White House ní Yábàá, á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. Kódà Amala Skye ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, kò mórí ẹ̀ wú. Kò sọ pé ọbẹ̀ wọn ò dùn o. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju pé gbogbo ayé mọ̀ wọ́n, oúnjẹ tí gbogbo ayé bá sì ti mọ̀ kò lè sọ ẹnì kan di ọ̀gá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wákàtí kan tí ọ́fíìsì fún èèyàn láti fi jẹun ọ̀sán kò tó lọ Abúlé Ẹ̀gbá, ká má tíì sọ ti àtibọ̀. Wọ́n á gba Agége, wọ́n á gun afárá Pen Cinema tí ìjọba ṣí ní 2021, ọkàn wọn á balẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á gbà wọ́n lálejò. Ìtàn ni ọ̀gá wa fi ń tù wọ́n nínú. Á sọ bó ṣe ṣàwárí ibẹ̀: òjò ń rọ̀, táyà jò, ebi ń hanra mọ́ ọn, àfi bó ṣe gbọ́ òórùn irú. Nínú èyí tó sọ lọ́dún tó kọjá, táyà ò jò rárá, rédíétọ̀ ló hó.

Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀. Ìsọ̀ onípáànù ni, ẹ̀yìn ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń tú ẹ́ńjìnnì ló wà, bẹ́ǹṣì gígùn méjì, kúlà ńlá kan, ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́ta. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ wà níbẹ̀, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó wá ra òkìríkà ní Katangowa gbé àpò wọn sáàárín ẹsẹ̀, ọlọ́pàá kan sì ti ṣí fìlà lé orúnkún. Ọ̀gbẹ́ni Mo-Mọ-Ibì-Kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí páànù má baà gbá a lórí, ó rọra sọ fáwọn tó mú wá pé: "Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó mọ ibí." Èèyàn bí ogún ló wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà.

"Ìyá, ọmọ yín ti dé o!"

"Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi. Mélòó?"

"Èmi ni o, Ìyá. Èmi tí mo máa ń kó èèyàn wá."

"Mo mọ̀ yín kẹ̀. Mélòó?"

Láàárín ọ̀rọ̀ yìí, ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tó fẹsẹ̀ há ìkòkò mọ́lẹ̀, tó ń fi ọmọrogùn gbo èlùbọ́ mọ́ ara ìkòkò títí tí kókó kankan ò fi ṣẹ́ kù. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń bu ọbẹ̀. Gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, ata lórí méjèèjì, kò sì wo abọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú oníbàárà ló ń wò, torí ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ sá lọ láìsanwó ti máa ń hàn. Ẹni tó bá ní kó fi jára sí i, á fi omi ọbẹ̀ sí i.

Orí bẹ́ǹṣì yìí ni ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, ó ní láfún ló yẹ kí wọ́n jẹ, ṣebí Abúlé Ẹ̀gbá la wà, àwọn Ẹ̀gbá ló ni láfún. Ìyá olóúnjẹ, tí ohùn Ọ̀yọ́ kún ẹnu rẹ̀ bámú, ní òun ò ro láfún. Ó yí i padà kíá: àmàlà dúdú gan-an ni àṣírí ibẹ̀. Ó ní torí pé ìyá náà jogún nǹkan kan lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ni ṣàkì rẹ̀ ṣe ń rọ̀ báyìí, tí kì í rùn.

Mo ti jẹ ṣàkì náà, ó sì rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ Oko Ọba ni wọ́n ti ń pa màlúù, nílé ìpẹran ńlá tó wà ní Agége, kò sì jìnnà síbẹ̀. Inú ẹran tí wọ́n yọ láàárọ̀ lè wà nínú ìkòkò kí oòrùn tó mú. Ata àti tòmátì wà lọ́jà Ilé-Epo, ní ojú títì kan náà. Èlùbọ́ ń bọ̀ láti Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá mọ ìkòkò gbé kaná, tí gbogbo èyí sì wà nítòsí rẹ̀, kò nílò oògùn.

Ti pátákó tí kò sí níwájú ìsọ̀ náà ńkọ́? Ọ̀gá ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìyá náà gbé pátákó síta. Láti ọdún 2006 ni ìjọba Èkó ti dá LASAA sílẹ̀ láti máa bójú tó pátákó, owó sì wà lórí pátákó. Ẹni tó bá sì tún gbé ìkòkò rẹ̀ wá sétí títì, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí aráàlú ṣì ń pè ní KAI lè wá kó o. Ẹ̀yìn mẹkáníìkì ló dára jù.

Òwúrọ̀ Sátidé ló máa ń ṣe ti ẹ̀wà agányìn. Ó mọ obìnrin kan tó ń tà á nínú àdúgbò, ata rẹ̀ ti dúdú kanrin nínú epo, búrẹ́dì Agége gbígbóná sì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ibí yìí náà ló ti máa ń sọ pé ìyá àgbà kan ní Agége ló dá búrẹ́dì sílẹ̀. Irọ́ ni. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó bá iṣẹ́ réluwéè wá sí Nàìjíríà, ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó láti 1921, kí àwọn oníbúrẹ́dì ní Agége tó gbà á ṣe. Ẹ má sọ fún un pé èmi ni mo wí o. Kò ní gbà.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù níbẹ̀ ni èyí tó máa ń sọ lójú ọ̀nà padà, tí ọ̀gá ọ́fíìsì ti ń pè wọ́n lórí fóònù. Ó ní ibẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹran ti kéré. Ó ní ìyá náà ti gbajúmọ̀ jù, owó ti wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ gbọ́, ní June 2024, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn sọ pé oúnjẹ fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti June ọdún tó ṣáájú lọ. Ìyá tó ń ra gáàsì, epo àti èlùbọ́ nínú ọjà yẹn ṣì ń bu ọbẹ̀ fún yín, ẹ ní owó wọ̀ ọ́ lójú. Tó bá sì jẹ́ pé èrò ló pọ̀ jù, ta ló ń fi mọ́tò kó wọn wá?

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á ti pa ibẹ̀ tì. Á gbé bírò sílẹ̀, á fẹ̀yìn ti àga, á ní Mẹ́írán ni ọ̀rọ̀ wà báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jẹun ní Abúlé Ẹ̀gbá láìgbọ́ ìwàásù, ẹ wọ BRT láti Òṣòdì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì bi awakọ̀ dánfó èyíkéyìí tó ń sinmi pé níbo ló ti máa jẹun. Kò ní fi ṣe àṣírí. Ẹ mú owó kéékèèké dání, kí ẹ sì débẹ̀ kí agogo kan tó lù, torí ṣàkì kì í pẹ́ tán.