Ìlànà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Ti Ìsọ̀ Ẹlẹ́mu Dé Àtìmọ́lé

Ẹni tó bá fẹ́ mu ẹmu jẹ́ẹ́jẹ́ kó sì relé, kó má ka èyí o. Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í dákẹ́ mọ́ bí agbè kejì bá ti délẹ̀ ni mò ń bá wí, ìwọ tó wù kí wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé kúrò n'Ílogbò-Èkìtì níṣojú àwọn àna rẹ. Kò le rárá.

Tètè dé ìsọ̀. Má kí ẹnikẹ́ni. Jókòó sórí àpótí tí bàbá tó dàgbà jù máa ń jókòó lé, kí o wá sọ fún ìyá ẹlẹ́mu pé omi ló bù sí ẹmu. Ìfófòó ṣì ń hó lórí rẹ̀, oyin méjì ti rì sínú rẹ̀, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ. Ìyẹn ò kàn ọ́. Ìyá náà á wò ọ́, kò ní fèsì. Ó ti ń ṣírò ife tó o máa fọ́ mọ́ owó tó o máa san.

Ó wá kan èébú. Ibí ni ọ̀pọ̀ òmùgọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti pe ẹnìkan ní olè, iṣẹ́ ti parí. Kò tó. Ní 1959, ẹjọ́ Bakare àti Ishola dé ilé ẹjọ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ishola ti pe Bakare ní olè, ó pè é ní ẹlẹ́wọ̀n, ó ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ló ti ẹ̀wọ̀n dé. Ilé ẹjọ́ ní èébú lásán ni, irú èyí táwọn èèyàn fi ń ṣí ìjà, tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí òótọ́. Orúkọ Bakare ò bàjẹ́. Adájọ́ yẹn wù mí. Ó dà bí ẹni tó ti jókòó níbi ẹmu rí.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí o pe ìyá ẹlẹ́mu ní àjẹ́. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí Òyìnbó fi lélẹ̀ fún wa ní 1916, abala 210 ní ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, tàbí tó halẹ̀ pé òun á pè é bẹ́ẹ̀, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Ẹni tó bá sì sọ pé òun gan-an lájẹ́, ọdún méjì kan náà ló ń dúró dè é. Bó o bá lè gun orí àga, kí o kọ́kọ́ pè é ní àjẹ́, kí o tún lu àyà pé ìwọ náà ò kẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ̀ ni. Ẹ ò rí i bí òfin ṣe ń rò: olè tó ń kó wa nílé, èébú lásán, àjẹ́ tí ọ̀mùtí ń pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lálaalẹ́, ọ̀ràn ńlá.

Ti ìlú yàtọ̀. Àwọn àgbà tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè gbọ́ olè, kí wọ́n gbọ́ àjẹ́, kí wọ́n ní ọtí ló ń pa á. Ṣùgbọ́n bó o bá fi ẹnu kan irin, tó o ní kí Ògún pa ọmọ ẹni tó jókòó tì ọ́, ẹmu tán nìyẹn. Wọ́n á ní kí o kó èpè náà kúrò nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, o sì máa dọ̀bálẹ̀ dé ibi tó ò rò. Sá fún èyí o! Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí sí obì, a ò rí àtìmọ́lé lò. Èèwọ̀ ìlú nìkan ò sì tó: abala 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò gbà kí wọ́n dáni lẹ́bi ọ̀ràn tí kò sí lákọsílẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ló yọ obìnrin kan, Aoko, ní 1961, lẹ́yìn tí kóòtù ìbílẹ̀ ti dá a lẹ́bi àgbèrè. Èyí tó wà lákọsílẹ̀ ni kí o máa ṣẹ̀.

Bó o bá ń bú èèyàn, ẹni tó sanra ni kí o bú. Abala 283 nínú ìwé òfin ọ̀daràn yẹn ka ìwọ̀sí mọ́ ohun tó lè mú kí orí èèyàn gbóná, 284 sì ní bó bá fi ìbínú ojú ẹsẹ̀ gbá ọ létí, tí kò ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè máà jẹ̀bi. O jẹ ìgbátí, òun padà sídìí ẹmu rẹ̀. Má gbà! Dìde, dá a padà, kí ẹ jọ wọ̀yá ìjà dé ojú títì: abala 83 fún ẹni tó ń jà ní gbangba ní ọdún kan. Bí apá rẹ ò bá sì ká ìjà, 249 wà nílẹ̀, ti ẹni tó ń hùwà tó lè da àlàáfíà rú níta, oṣù kan. Wọn ò nílò ìwé àṣẹ kankan láti mú ọ. Abala yẹn fẹ̀ bí agbádá, ẹni tó bá wu ọlọ́pàá ló lè fi bò.

Má lọ fi iṣẹ́ yìí ṣòfò ní Amẹ́ríkà. Ní St. Charles, ìpínlẹ̀ Missouri, wọ́n gbé àbá kan wá ní 2008 láti ka èébú, orin rírùn àti ijó orí tábìlì léèwọ̀ nílé ọtí. Ní Middleborough, ní Massachusetts, aráàlú dìbò ní 2012 pé ẹni tó bá sọ ìsọkúsọ ní gbangba yóò san dọ́là 20. Dọ́là 20! Òmùgọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jí nítorí ìyẹn.

Ó ku ti iwájú adájọ́. Sọ fún un pé ọtí ló ń pa ọ́. Abala 29 nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa ní ọtí mímu kì í ṣe àwáwí. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ọ̀nà tó ṣẹ́kù ni pé ẹlòmíràn ló fi èrò ibi rọ ọ́ yó láìjẹ́ pé o gbà, tí o ò sì mọ ohun tó ò ń ṣe mọ́. Adájọ́ á béèrè ẹni tó rọ ọ́. Ìyá ẹlẹ́mu, tó o pè ní àjẹ́, á wá dìde, á fa ìró rẹ̀ dáadáa, á ní ìwọ lo fọwọ́ lu tábìlì pé kí òun gbé agbè kẹta wá, àti pé o ò tíì sanwó ìkejì.