Ìwé Mélòó Ni Wọ́n Ń Kà Kí Wọ́n Tó Ra Ànínì?

Àwọn kan fẹ́ máa kó owó ẹyọ àtijọ́ jọ, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ kàwé bí ẹni tó fẹ́ di lọ́yà. Ànínì tí bàbá àgbà fi ra ẹ̀pà láì ṣèdánwò!

Àìkàwé rárá náà kò dára ṣá. Ẹnìkan á rí kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1936, tó ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ lára, á ti máa díye ilé ní Lẹ́kì. Lóòótọ́, ọba yẹn kò pé ọdún kan lórí oyè, owó ẹyọ tirẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n gidi nílùú Ọba. Àmọ́ èyí tí wọ́n rọ fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ jaburata. Ẹlòmíràn á fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó tirẹ̀ títí táá fi dán. Iye rẹ̀ á bá ìdọ̀tí lọ.

Ohun tó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ mọ̀ kò pọ̀. Ẹ wo ọdún, ẹ wo orúkọ ọba, ẹ wo lẹ́tà H tàbí KN tó ń sọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ní Birmingham, kí ẹ sì gbé kànìnkànìn jìnnà sí i. Ẹni tó fẹ́ ra wúrà ni kó lọ kàwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ànínì, ẹ lọ rà á.