Alága Wọ Agbádá, Ìkànnì Wà Níhòòhò

Ẹ̀yin oníṣòwò Àpòmù àti Ìkirè, ìran yín kì í ṣe ọmọdé nídìí káràkátà. Láyé ijọ́un, ọjà Àpòmù ni Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Òwu àti Ọ̀yọ́ ti ń pàdé. Kò sí fóònù, kò sí Google, síbẹ̀ gbogbo wọn mọ̀nà. Àlùfáà Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921 pé aáwọ̀ lórí ataare bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà yẹn, ó sì wà lára ohun tó bí ogun Òwu. Ataare o! Ẹ̀yin tí ataare ti kó sí irú wàhálà yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ ṣíwájú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nínú kíkọ iye owó ọjà síta gbangba. Ṣùgbọ́n kí lẹ kọ sábẹ́ àwòrán ọjà yín? "Ẹ wá sí inbox fún iye owó." Ṣé ogun míì lẹ tún ń wá ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìkànnì ilé iṣẹ́ kan wò. N ò ní dárúkọ. Ẹni tó ni ín mọ ara rẹ̀.

A tẹ orúkọ rẹ̀. Àmì róbótó kan ń yí. Ó ń yí. Ẹ lọ bu omi mu, ẹ padà dé, ó ṣì ń yí. Fọ́tò alága ló fà á. Fóònù olówó ńlá ni wọ́n fi yà á, ọ̀kan ṣoṣo tó mẹ́gábáìtì márùn-ún, bó sì ṣe wà náà ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Mẹ́wàá irú ẹ̀ ló wà lójú ewé kan. Oníbàárà tó fi dátà ọgọ́rùn-ún náírà wọlé yóò sun àádọ́ta mẹ́gábáìtì kó tó rí bí alága ṣe gẹ fìlà. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fún fọ́tò yẹn pọ̀ kó má ju igba kílóbáìtì lọ, ojú èèyàn ò ní mọ ìyàtọ̀, àfi alága nìkan, tó fẹ́ kí gbogbo ayé ka fọ́nrán òwú ara agbádá òun.

Ó ṣí wàyí. Kí la rí? Òyìnbó méjì tí wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Òyìnbó wo ló ń din dodo? Nísàlẹ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ràgàjì tẹ́ ẹ dà kọ lára ilé iṣẹ́ ìlú London, pé ẹ̀ ń pèsè ojútùú tuntun fún aráyé. Ọ̀gá, dodo Ìkirè lẹ̀ ń tà! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, ata, iyọ̀, epo pupa. Èèyàn tó ń ti Ìbàdàn lọ Ifẹ̀ rà á lẹ́bàá títì, ó tọ́ ọ wò, ó lá ìka. Ó dé Èkó, ó fẹ́ rà á sí i fún ìnáwó. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ò pọ̀: èló ni, ibo ni mo máa sanwó sí, ọjọ́ wo ló máa dé, ọjọ́ mélòó ló lè lò kó tó bàjẹ́. Ìkànnì yín dá a lóhùn pé alága ti gba àmì ẹ̀yẹ. Ó yí lọ sísàlẹ̀, ó rí nọ́ńbà fóònù. Ó kà á: mẹ́wàá péré. Ẹ ti jẹ ọ̀kan mọ́ dodo.

Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Ìkirè níbẹ̀ yẹn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní èdè àti àṣà. Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ fún un lówó, kó kọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà ní ìlà mẹ́rin. Ẹ̀yin kọ̀, ìlú London lẹ fẹ́.

Ta ló tiẹ̀ kọ́ ìkànnì ọ̀hún? Ọmọ àbúrò ìyá alága ni, "ó gbọ́ kọ̀ǹpútà." WordPress ló lò, tí kò burú rárá, láti 2003 ló ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ímeèlì ara rẹ̀ ni bọ̀dá fi ra orúkọ ìkànnì, káàdì ara rẹ̀ ló fi sanwó, lẹ́yìn náà ló japa lọ Kánádà. Páswọ́ọ̀dù bá a wọ bàálù. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó orúkọ yẹn. Ìwé ìránnilétí ń lọ sí ímeèlì tí bọ̀dá ò ṣí mọ́. Bí .com bá kú, wọ́n á kọ́kọ́ fún yín láyè díẹ̀, lẹ́yìn náà ọgbọ̀n ọjọ́ tẹ́ ẹ fi lè fi owó gọbọi rà á padà, lẹ́yìn náà ọjọ́ márùn-ún, ó di ti ẹni tó bá yára. Ẹni tó yára jẹ́ oníkàlòkàlò. Alága wa, díákónì ìjọ, ló wá di ẹni tí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń pe aráyé síbi tẹ́tẹ́.

Ẹ má jẹ́ kójú tì yín jù. Ní Kérésìmesì 1999, Microsoft gan-an gbàgbé láti san dọ́là márùndínlógójì lórí passport.com, ilẹ̀kùn ímeèlì Hotmail wọn, àwọn tó ń lo Hotmail ò sì rí ọ̀nà wọlé. Michael Chaney, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló fi owó àpò ara rẹ̀ san án. Microsoft rí Chaney. Ta ló máa ṣe Chaney fún yín? Ọmọ yahoo?

Orúkọ ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi rà á, ímeèlì ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹni méjì sì mọ páswọ́ọ̀dù, kó má sì jẹ́ "alaga123," torí mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bí .com bá wọ́n, .com.ng wà lábẹ́ NiRA, àjọ tó ń rí sí orúkọ ìkànnì Nàìjíríà. Ẹ tún wo ìwé ẹ̀rí ààbò ìkànnì: láti oṣù Keje 2018 ni Chrome ti ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé ìkànnì tí kò ní in kò láàbò. Ọ̀fẹ́ ni àjọ Let's Encrypt ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí yẹn. Ará Àpòmù kọ ọ̀fẹ́! Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

"Èmi ò nílò ìkànnì, WhatsApp tó mi." Mo gbọ́ yín. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba wa ti Twitter pa ní oṣù Kẹfà, a ò rí i ṣí títí di oṣù Kìn-ín-ní 2022. Ẹ máa tajà lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé. Ọjọ́ tó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ó kó igbá yín sórí.

Bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn yín wọra, ẹ lọ sórí ìkànnì yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Kàn sí Wa" sí, kẹ́ ẹ bú mi síbẹ̀ dáadáa. Ẹ bú mi tọkàntọkàn. Kánádà ló ń lọ, bọ̀dá ò sì ní kà á.