Bí A Ṣe Ń Wọ Aago Títí Yóò Fi Gbọ́n: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀

Kọ́kọ́ ra aago ọwọ́ tí kò lo bátìrì. Seiko 5 náà ti tó. Bí ó bá ń fi ìṣẹ́jú àáyá 30 yára lójúmọ́, má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe. Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣáà ti sọ fún ọ pé tuntun ló ń dà á láàmú, pé bí ó bá ti mọ ọwọ́ rẹ tán, yóò tọ́. Bàtà tuntun kọ́ ni aago, ṣùgbọ́n kí ló kàn ọ́?

Àwọn ará Switzerland ò ní sùúrù tó tìrẹ. Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ní àjọ kan, COSC, tó ń fi ọjọ́ 15 gbáko ṣọ́ ẹ̀rọ aago. Wọ́n á dojú rẹ̀ sókè, wọ́n á dà á dé, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n á gbé e sínú òtútù, wọ́n á tún gbé e sínú ooru. Èyí tó bá ń fi ju ìṣẹ́jú àáyá 6 yára lójúmọ́, tàbí tó ń fi ju 4 falẹ̀, kò yege nìyẹn. Wọn kì í sọ fún un pé kó máa lọ sọ́wọ́ oníbàárà, ọgbọ́n ń bẹ níbẹ̀.

Má ṣí ẹ̀yìn aago rẹ wò o! Bí o bá ṣí i, wàá bá àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ń mì lọ mì bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wáyà tín-ín-rín kan ń fà á padà. Irin bíńtín kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó mọṣẹ́ kàn máa sún díẹ̀, tí aago á sì bọ̀ sípò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á wá já sí asán.

Lálẹ́, gbé e lé orí sípíkà. Òòfà inú sípíkà lè mú kí wáyà yẹn lẹ̀ mọ́ra, aago á wá máa sáré àsápajúdé. Dúpẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣí nìyẹn. Bí epo inú rẹ̀ bá gbẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí irin ń jẹ irin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ṣé wọ́n fẹ́ fọ ìmọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni?

Ó sì lè ṣèèṣì tọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ rẹ ni kí o yìn, má rò ó pé o ti yí bí o ṣe ń gbé e kalẹ̀ sùn padà: bí ó bá dojú sókè ó lè yára, bí ó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ó lè falẹ̀, ọ̀kan á sì dí èkejì.

Aago oníbátìrì pọ́ọ́kú tí aládùúgbò rẹ ń wọ̀ kò mọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni o, síbẹ̀ kì í sábà fi ju ìṣẹ́jú àáyá 20 ṣìnà lóṣù kan.