Òkò Ìyìnrere

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bà. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe fún aṣebi. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn pásítọ̀ yóò gbé òwe náà, tí wọn yóò fi ṣe ètò iṣẹ́ ọdọọdún, tí wọn yóò sì tẹ bánà fún un.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1864 ni wọ́n fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, kó lè padà wá ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Lónìí, ọmọ ọmọ àwọn tí òyìnbó wàásù fún ló ń gba físà lọ wàásù fún òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́ létí, kò sí pásítọ̀ tó wọ bàlúù tí kò sọ ọ́ rí: “Àwọn ló gbé ìyìnrere wá, àwa la ó gbé e padà fún wọn.” Òyìnbó náà sì nílò ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní England àti Wales lọ́dún 2011, 59.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn ní Kristẹni. Nígbà tó fi máa di 2021, ó ti já sí 46.2.

Àwa náà sọ òkò, kì í sì í ṣe kékeré. Ní Southwark nìkan, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Peckham wà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka 240 ìjọ tuntun àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2013. Ìjọ wà lókè ṣọ́ọ̀bù táyà, ìjọ wà nínú ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀.

Ta ni òkò wá bà? Ẹ wọlé lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ wo àwọn tó jókòó. Ìjẹ̀bú jókòó ti Èkìtì, Èkìtì jókòó ti Ìjẹ̀ṣà, gèlè kan dí ojú èèyàn mẹ́rin. Ìrẹsì ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí ti ń ta sánsán kí ìwàásù tó dé ìdajì. Òyìnbó kan ṣoṣo tí mo rí lọ́jọ́ tí mo lọ, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Kánsù ló rán an wá, ariwo gbohùngbohùn ló bá wá. Wọ́n fún un ní ìwé ìyìnrere pélébé. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó fi ìwé tiẹ̀ náà lé wọn lọ́wọ́.

Nílé ńkọ́? Ìjọ Ìràpadà, tí Josiah Akíndáyọ̀mí dá sílẹ̀ ní 1952, tí Enoch Adébóyè sì ń darí láti 1981, kọ ọ́ sínú ète wọn pé kí ìjọ wà ní ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún síra ní orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, kó sì jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún nínú mọ́tò ní orílẹ̀-èdè tó ti gòkè. Àwọn ìjọ tó kù ò jẹ́ kí wọ́n dá a ṣe. Ládùúgbò wa, kíka ìjọ á sú ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn. Ilé alájà kan wà tí ìjọ wà nísàlẹ̀, tí òmíràn wà lókè. Ti ìsàlẹ̀ ṣe krùséèdì ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó jáde síwájú láti gba Jésù, orí àtẹ̀gùn ni púpọ̀ nínú wọn gbà sọ̀kalẹ̀. Pásítọ̀ òkè ò sọ̀rọ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e, òun náà ṣe tiẹ̀, ó gba àwọn èèyàn ẹ̀ padà, ó sì gba ẹni tó ń ta gìtá ìsàlẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn méjèèjì ló kọ̀wé sí olú-ìjọ wọn pé ìsọjí ti bẹ́ sílẹ̀.

Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí ṣá. Lọ́dún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, ń gbàdúrà fáwọn èèyàn ní Òkè-Ooyè n’Iléṣà, àwọn ìjọ tó ti wà ńlẹ̀ náà ráhùn pé ìjókòó àwọn ṣófo. Ṣùgbọ́n òkò Òkè-Ooyè ba ẹlòmíì pẹ̀lú: àwọn tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí ń ru ère òrìṣà wá, wọ́n ń dáná sun ún.

Ẹ wá gbọ́ ti gbogbo ayé. Àjọ Pew ní Amẹ́ríkà sọ ní 2025 pé láàárín 2010 sí 2020, mílíọ̀nù 122 ló kún Kristẹni ayé, tí wọ́n fi tó bílíọ̀nù 2.3. Síbẹ̀, ìpín wọn nínú ọmọ aráyé dín kù, láti 30.6 sí 28.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àgbàlagbà kan bá wọlé, nǹkan bíi mẹ́ta ló ń jáde. Ibo wá ni èrè ti ń wá? Iyàrá ìbímọ ni, pàápàá nílẹ̀ Áfíríkà. Ajíhìnrere tó mókè jù lọ láyé ni ìyá ìkókó. Kò tẹ bánà, kò sì gba ọrẹ ìrúgbìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mi ò bú ìjọ Peckham o. Obìnrin tó ń fi òru tọ́jú arúgbó onílé, tí kò sẹ́ni tó ń kí i “ẹ kú iṣẹ́” ládùúgbò, ìjọ yẹn ni mọ̀lẹ́bí ẹ̀. Àwọn ló bá a wá yàrá, àwọn ló bá a sọmọ lórúkọ, àwọn ló dáwó fún un nígbà tí ìyá ẹ̀ kú nílé. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ìgbà tí wọ́n bá ń pè é ní ìsọjí Yúróòpù ni ẹ̀rín ń pa mí.

Ẹ̀yin bàbá olú-ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù tí ẹ ń fún àlejò: “Ìjọ wo lẹ wà títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá?” Ẹni tó bá kọ orúkọ ìjọ kan síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye ọkàn tí ẹ jèrè. Ẹni tó bá kọ “mi ò lọ síbì kankan rí,” ẹ ka òun, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan lọ́dún.