Ẹjọ́ Ẹja Díndín

Ẹ sún àga yín mọ́bí, kí Ìyá Ìbejì má baà gbọ́. Ṣé ẹ mọ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́pà, yàrá kẹta láti ẹnu géètì, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà ní LASU? Ìdájí ló ń kúrò ní Bọ́ńdárì, ó di Máìlì Tuu, ó di Ọ̀jọ́. Tó bá sì dé lálẹ́, ìwé ló ń kà sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oorun á fi dá lójú gbogbo ilé. Bí èmi tí n ò ju ìwé mẹ́fà lọ ṣe di ọ̀mọ̀wé òfin nìyẹn.

Òun ló sọ fún wa pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 ní ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ìyá nítorí ọmọ. Kẹ̀ẹ̀! Ní Ajégúnlẹ̀ yìí, tí wọn ò bá bá ọmọ nílé, wọ́n á kó ìyá, wọ́n á kó àbúrò, wọ́n á tún kó ẹni tó wá yá iyọ̀. Ó ní bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé èèyàn débẹ̀. Láti ibí sí kóòtù májísíréètì Àpápá, bí kì í bá ṣe ti tìrélà tó tò gbọọrọ, ẹsẹ̀ lásán gbé e.

Ìdájọ́ gan-an ló wá dùn jù. Ó ní jíjẹ̀bi lọ́tọ̀, ìjìyà lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ti ní o jẹ̀bi, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ní ohun tí o fẹ́ sọ. Alokútọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Mo ní, ẹ̀bẹ̀ náà ni!

Ẹ rántí Olóyè Bọ̀dé George, tó ti ṣe alága àjọ èbúté? Ní 2009, Adájọ́ Oyèwọlé rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní Ìkẹjà. Ẹ̀sùn rẹpẹtẹ ni o. Èmi rò pé wọ́n á ro ọdún yẹn pọ̀ bí owó àjọ ni, àṣé adájọ́ ní kí gbogbo ẹ̀ jọ máa rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Kìríkìrì, ìtòsí wa níbí, ló ti lò ó. Nígbà tó jáde ní 2011, aṣọ ẹbí ni àwọn èèyàn rẹ̀ wọ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ó wá di 2013, kóòtù tó ga jù ní kò jẹ̀bi rárá, pé pípín kọ́ńtíráàtì sí wẹ́wẹ́ kò sí nínú ìwé òfin bí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀wọ̀n ti tán kí àre tó dé!

Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ẹ farabalẹ̀.

Ẹja díndín méjì ló sọnù nínú ìkòkò Ìyá Ìbejì ní Sátidé. Bàbá Onílé gbé àga síta, ó di kóòtù. Mo ní n ò jẹ̀bi. Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní òun rí mi. Lọ́yà wa dìde, ó ní ẹ̀rí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 nìkan kò lè dẹ́bi fúnni, àfi kí nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn. Ẹ wo bí mo ṣe ń mi orí! Mo ti ń tún gèlè mi wé nígbà tí ológbò Bàbá Onílé fa egungun ẹja jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Wọ́n ní ṣé mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo kúnlẹ̀ gbì. Mo ní àkọ́kọ́ mi nìyí, àti pé òórùn ẹja yẹn ló kọ́kọ́ wọlé wá bá mi. Bàbá Onílé ní kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì gbálẹ̀ àgbàlá fún ẹja kìíní, ọ̀sẹ̀ méjì fún ìkejì.

Mo wojú lọ́yà, lọ́yà wojú mi.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa rìn."