Baálé Má-kà-wá-tán

Kò sí agbo ilé kan ní Bantè tí ẹ kò ti ní bá Baálé Má-kà-wá-tán. Ẹ bi í ní iye igi kajú tó wà lóko rẹ̀, kíá ni yóò dá yín lóhùn: iye tó so dáadáa, iye tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó, àti èyí tí àbúrò rẹ̀ ń ṣojú kòkòrò sí. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní iye ẹnu tó ń jẹun nílé rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò rántí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìkànìyàn kẹrin ti orílẹ̀-èdè Benin kan ilé rẹ̀. Ọmọkùnrin akànìyàn tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí itan.

"Bàbá, àwọn wo ló ń gbé ilé yìí? Orúkọ tiyín la ó fi ṣáájú."

Baálé wo àjà. "Àwa márùn-ún ni, ọmọ mi."

Ọmọ mẹ́jọ ti pagbo yí akànìyàn ká, wọ́n ń wo bírò rẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Bàbá?"

"Ṣé àyè àlejò wà nínú ìwé yín?"

"Ó wà, Bàbá."

"Àlejò ni wọ́n."

Ibẹ̀ ni èyí tó kéré jù ti ní, "Bàbá, Ìyá ní ọbẹ̀ ti jinná o."

Ìbéèrè kan alùpùpù tó wà lábẹ́ ẹní. Wọ́n ní àlejò ló gbé òun náà sílẹ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi tán. Láyé àwọn Faransé, ẹni tí wọ́n bá kà ni yóò san owó orí. Nígbà ogun àgbáyé, ọ̀dọ́ tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kó lọ sójú ogun. Ẹni tó bá gbọ́n a sá wọgbó. Baálé jogún ìbẹ̀rù náà pẹ̀lú oko.

Àmọ́ ẹ wò ó lọ́dún 2014, nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ fún àwọ̀n ẹ̀fọn ọ̀fẹ́, àwọ̀n kan fún èèyàn méjì. Èèyàn márùn-ún àná di méjìlélógún! Ọmọ tó ti tẹ̀dó sí Nàìjíríà wà nílé, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Savalou wà nílé, oyún inú ìyàwó kékeré pàápàá gba orúkọ.

Lẹ́yìn ìkànìyàn 2013 náà, ìjọba kéde èèyàn 10,008,749 ní gbogbo Benin. Iye èèyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń pín owó ìdàgbàsókè fún kọ́múùnù kọ̀ọ̀kan. Baálé kò sọ ìyẹn. Ìdí ẹmu ló ti ń jà: "Ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan nílé ẹ̀kọ́! Àbí ìjọba kò mọ̀ pé a pọ̀ ni?"

Ibo ni wọn yóò ti mọ̀? Àlejò kì í bèèrè bẹ́ǹṣì.